‘Ni’ Yorùbá àti ‘Na’ Krio: Ìbátan ni tàbí Ìjọra Lásán?

Èrò kan wà láàrin àwa olùkọ́ Yorùbá tí ó ti fẹ́ di òótọ́ pọ́nńbélé: pé ‘na’ inú Krio ilẹ̀ Sàró, àti ti Píjin Nàìjíríà, jẹ́ ọmọ ‘ni’ tiwa. Àwọn olùyẹ̀wò mìíràn tilẹ̀ ń fún un ní máàkì. Ní tiwa, ẹ̀rí rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Yorùbá: ‘Ọmọ náà ni ó wá’. Krio: ‘Na di pikin kam’. Jàmáíkà: ‘A di pikni kom’. Sranan, èdè ilẹ̀ Súrínáámù: ‘Na a pikin kon’. ‘Ni’ ń tẹ̀lé ohun tí a pe àkíyèsí sí. ‘Na’ ń ṣíwájú rẹ̀. Èyí nìkan tó láti mú kí ara fu wá. Ní àfikún, ‘da’ ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ Sranan ti ọ̀rúndún kejìdínlógún níbi tí ‘na’ wà lónìí, àwọn onímọ̀ sì so ‘da’ mọ́ ‘that’ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ Súrínáámù dó ní 1651. Àwọn ará Họ́láǹdì gbà á ní 1667. Àwọn ènìyàn wa kò tíì pọ̀ nínú ẹrú tí a ń kó sọdá òkun nígbà náà.

Inú àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni ìbátan àwọn èdè wọ̀nyí wà: ‘bin’ tàbí ‘ben’ fún ohun tí ó ti kọjá, ‘una’ tàbí ‘unu’ fún ‘ẹ̀yin’, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ó ti inú Igbo wá. Kò dájú pé olúkúlùkù wọn dá ṣa ‘unu’ fúnra rẹ̀. Ian Hancock gbà pé etíkun Áfíríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Magnus Huber, ní 1999, tọ́ka sí àwọn tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà padà wá. Ní ti Krio, ti Huber ni a fara mọ́, nítorí ìrìn àjò wọn hàn gbangba: àwọn ará Nova Scotia dé Freetown ní 1792, àwọn Maroon Jàmáíkà ní 1800.

Lẹ́yìn òfin 1807 ni àwọn ará wa, àwọn Akú, bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n bá èdè nílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kún un kò kéré o: ‘kómọjáde’ wà níbẹ̀, ‘àwùjọ’ sì di àsè ìrántí àwọn òkú. Ìwé atúmọ̀ Fyle àti Jones (1980) kó irú wọn jọ. A kò bá wọn ní Súrínáámù, nítorí náà ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dárúkọ wọn gba máàkì rẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá mú ‘na’ wá, kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ‘da’ fún wa.