Àtẹ Ìyípadà Ọ̀rọ̀-Ìṣe Èdè Ítálì Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Ń Sọ Yorùbá

Ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé ìkọ́ni ní èdè Ítálì má ní àtẹ ìyípadà ọ̀rọ̀-ìṣe nínú. Lórí àtẹ náà, ọ̀rọ̀-ìṣe kan, bí àpẹẹrẹ 'parlare' tí ó túmọ̀ sí 'sọ̀rọ̀', ni wọn yóò tò sílẹ̀ ní ojú ìwòye méje: mẹ́rin tí ó ń bá olùwà rìn ('indicativo', 'congiuntivo', 'condizionale', 'imperativo') àti mẹ́ta tí kò bá olùwà rìn ('infinito', 'participio', 'gerundio'). Ojú ìwòye níhìn-ín ni ọ̀nà tí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ gbà wo ìṣẹ̀lẹ̀: bóyá ó fi í múlẹ̀ bí òótọ́ ni, tàbí ó fẹ́ ẹ, tàbí ó ń fi ọkàn rò ó, tàbí ó ń pa á láṣẹ. 'Indicativo' nìkan ní àsìkò mẹ́jọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ gbogbo àsìkò tí ó ń lo aṣèrànwọ́ ìṣe kúrò, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yóò ṣì ní àyè 47 lórí àtẹ: 24 fún 'indicativo', 12 fún 'congiuntivo', 6 fún 'condizionale', 5 fún 'imperativo'. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń há ìsọdipúpọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yàrá ìkàwé nìkan. Láti ìparí ọdún 2018 ni òfin ilẹ̀ Ítálì ti ń béèrè pé kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjèjì tí ó fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, yálà nípasẹ̀ ìgbéyàwó tàbí nítorí pé wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n gbọ́ èdè náà dé ìpele B1. Ẹni tí ó bá ń múra irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ìwé tí ó lè tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni èyí tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Báyìí ni Yorùbá tí ó gbọ́ jù lọ yóò ṣe di ohun tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èrò kan tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ ni ó fà á, pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà, nítorí náà kò ní ohunkóhun tí ó lè fi ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lórí irú àtẹ yìí. Apá kìíní èrò náà jẹ́ òótọ́. Apá kejì ni kò tọ̀nà.

Ibi tí èrò náà ti ṣẹ̀ kò fara sin. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1852, tí T. J. Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, sì tẹ tirẹ̀ ní 1858, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi kọ ọ́, irinṣẹ́ tí ó sì wà nílẹ̀ fún onígírámà ayé ìgbà náà ni èyí tí wọ́n ti rọ fún Látìn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọn lẹ́bi. Láìsí iṣẹ́ wọn, àwọn tí ó dé lẹ́yìn, bí Bámgbóṣé ní 1966 àti Awóbùlúyì ní 1978, kì bá tí rí ohun tí wọn yóò tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé àtẹ Látìn lé Yorùbá lórí yóò kọ 'mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ', yóò wo ìlà mẹ́fà náà, yóò rí 'lọ' kan náà nínú gbogbo wọn, yóò sì sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń wò, nítorí ibẹ̀ ni Látìn àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí èdè Ítálì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ń fi àmì sí.

Iwájú ni ó yẹ kí ó wò. Bí wọ́n bá to gbólóhùn ẹnì kìíní ẹyọ sílẹ̀, ohun tí yóò hàn nìyí: 'mo lọ', 'mò ń lọ', 'n ó lọ', 'èmi yóò lọ', 'n kò lọ', 'ǹ bá lọ', 'kí n lọ'. 'Lọ' kò yẹ̀ níbì kankan, ṣùgbọ́n 'mo' ti di 'mò', ó ti di 'n', ó ti di 'ǹ', ó sì ti di 'èmi'. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ẹni tí yóò sọ pé 'mo yóò lọ'. Ti ẹnì kẹta tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: 'ó lọ', ṣùgbọ́n 'kò lọ', 'yóò lọ', 'kì í lọ', níbi tí arọ́pò-orúkọ ti pòórá pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ítálì ṣe ń sọ pé 'parla' láìdárúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Bí ìyísódì bá sì wọ inú rẹ̀, ẹrù yóò kúrò lórí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn. 'Non' kan ṣoṣo ni èdè Ítálì ní, 'non parlo, non parlavo, non parlerò', àfi nínú àṣẹ fún ẹnì kan, 'non parlare', níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ti yí padà. Yorùbá ní 'kò lọ', 'kì í lọ', 'kò tíì lọ', 'kò níí lọ', 'má lọ'. Ní ìhà yìí, ọmọ Ítálì tí ó bá ń kọ́ Yorùbá ni yóò ní àtẹ láti há sórí.

Ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn yìí kì í tilẹ̀ ṣe ohun ayérayé. 'Canterò', tí ó túmọ̀ sí 'n ó kọrin', jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì nínú Látìn tí àwọn ará ìlú ń sọ: 'cantare', 'láti kọrin', àti 'habeo', 'mo ní'. 'Mo ní láti kọrin' gan-an ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó gé kúrú tí ó sì lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'canterebbe', 'ì bá kọrin', ṣe wá láti ara 'cantare' àti 'habuit'. Àfòmọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí lónìí dá dúró nígbà kan, bí 'yóò' àti 'ì bá' ṣe dá dúró. Àtẹ kì í sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti àsìkò, ibi tí àtẹ ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù lọ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 'imperfetto' àti 'passato prossimo'. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan náà lè dúró fún àwọn méjèèjì, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá ìyàtọ̀ wọn nínú ọjọ́ orí ìṣẹ̀lẹ̀, èwo ni ó pẹ́, èwo ni kò pẹ́. Ìbéèrè yẹn kọ́ ni ó yẹ kí ó béèrè. Ibá ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó yà wọ́n. 'Mangiavo quando è entrato': 'mò ń jẹun nígbà tí ó wọlé'. 'Da bambino andavo al mercato': 'nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń lọ sí ọjà'. Ibá atẹ́rẹrẹ àti ibá bárakú ni 'imperfetto' kó pọ̀ sábẹ́ àfòmọ́ kan. 'Ń' Yorùbá náà sì lè gbé méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú 'ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà', tí ó lè jẹ́ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ tàbí pé ibẹ̀ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń lo 'ń' láti kékeré kò nílò ojú ìwé mẹ́wàá lórí 'imperfetto'. Ohun tí ó kù kí ó mọ̀ ni pé 'imperfetto' kì í sábà kúrò ní àná, nígbà tí 'ń' lè wà lánàá, ó sì lè wà lónìí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò gba àmì kankan le ju èyí lọ. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, èrò inú dánfó tí ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ á pariwo pé 'Ó wà o!', bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lẹ́yìn náà, ìdáhùn ni pé 'Ó sọ̀ kalẹ̀'. Àmì kò sí nínú èkíní, kò sí nínú èkejì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ òní ni 'wà' ń sọ, ohun tí ó ti kọjá sì ni 'sọ̀ kalẹ̀'. Àsìkò afànámónìí ni orúkọ tí àwọn ìwé gírámà fún un, orúkọ náà sì dára, nítorí kò díbọ́n pé ìyàtọ̀ wà níbi tí kò sí. (Àwọn onímọ̀ ti jiyàn títí lórí bóyá Yorùbá ní àsìkò tàbí ibá ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan, àríyànjiyàn náà níye lórí, ṣùgbọ́n kò dí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Ítálì lọ́wọ́.) Irú ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ó ń pinnu: èyí tí ó ń sọ ipò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń sọ ìṣe. Èdè Ítálì pẹ̀lú mọ ìyàtọ̀ yìí. 'Sapevo' ni 'mo mọ̀', ipò tí ènìyàn wà. 'Seppi' tàbí 'ho saputo' ni 'mo wá mọ̀', ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó dé bá a. Lórí àtẹ, wọ́n jìnnà sí ara wọn. Nínú Yorùbá, 'wá' kékeré kan ni ó wà láàárín wọn.

'Congiuntivo' ni ẹrù tí ó wúwo jù lójú àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ sọ́nà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo irú rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Yorùbá kò sọ ọ́ nù. 'Kí' ni ó fi ń sọ ọ́. 'Voglio che venga': 'mo fẹ́ kí ó wá'. 'È necessario che tu parta': 'ó pọn dandan kí o lọ'. 'Prima che arrivi': 'kí ó tó dé'. 'Dio ti benedica': 'kí Ọlọ́run bùkún ọ'. Ó ṣòro láti rí àlàyé tí ó kúrú jù báyìí lọ fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá: níbi tí 'kí' bá ti jáde, kí ó máa retí 'congiuntivo'. 'Condizionale' náà kò jìnnà sílé. 'Se avrò denaro, comprerò una casa' ni 'bí mo bá ní owó, n ó ra ilé'. 'Se avessi denaro, comprerei una casa' ni 'bí ó bá ṣe pé mo ní owó ni, ǹ bá ra ilé'. 'N ó' àti 'ǹ bá' ti ya ohun tí ó ṣeé ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn kàn ń rò, kí àfòmọ́ Ítálì kankan tó dé.

Ọ̀rọ̀ èrò ni ọ̀nà ti yà. Yorùbá ní 'mo rò pé ara rẹ̀ kò yá'. Kò ní 'mo rò kí'. Lójú Yorùbá, ohun tí ènìyàn rò súnmọ́ ohun tí ó mọ̀, 'pé' ni ó sì ń gbà. Lójú èdè Ítálì tí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí, ó súnmọ́ ohun tí ènìyàn fẹ́: 'credo che sia malato'. Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbára lé 'kí' pátápátá yóò ti ṣìnà, tí yóò sọ pé 'credo che è malato'. Bí ó bá dé Ítálì, yóò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn olùkọ́ a sì máa bá wọn wí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìdánwò, 'sia' ni ó yẹ kí ó kọ.