Fíìmù Ìgbéyàwó Àwọn Gíríìkì: Eré Ìfẹ́ Tó Yẹ Kí Àwa Òbí Wò

  Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan lórí fíìmù. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ìlú tí a wà, nítorí Jos ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ sinimá, Nigerian Film Corporation, fi ṣe olú-iléeṣẹ́ rẹ̀, ibí náà sì ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ National Film Institute sí ní ọdún 1995. Ẹ lè máa retí pé eré Yorùbá ni màá mú. Rárá o. Eré tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò jẹ́ ti àwọn Gíríìkì tó ń gbé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. My Big Fat Greek Wedding ni wọ́n pè é, ọdún 2002 ló sì jáde.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: eré ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí mo máa ń jókòó tì. Bí èèyàn bá ti wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ti mọ ibi tí wọn yóò parí sí. Ọkùnrin rí obìnrin, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ìjà dé, òjò rọ̀, ọ̀kan sáré lọ bá èkejì ní pápákọ̀ òfurufú, ó tán. Ní ti èyí, nǹkan mìíràn tún wà tí kò jẹ́ kí ara mi yá sí i. Mo ti gbọ́ pé àwọn àgbàlagbà inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Èmi kò fẹ́ràn eré tó ń fi bàbá àti ìyá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò dán lẹ́nu wọn. Ọ̀pọ̀ wa ló ní bàbá bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n sì fi owó kóńdó rán wa níléèwé. Ọmọ mi obìnrin tó gbé díìsì rẹ̀ wá ló ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà wò ó dé ibi tí bàbá ìyàwó ti sọ̀rọ̀.” Mo wò ó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe gbé èèyàn débẹ̀.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Toula Portokalos ti pé ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì lọ́kọ. Ilé oúnjẹ àwọn òbí rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, bàbá rẹ̀ a sì máa sọ fún un ní ìdájí nínú ọkọ̀ pé kó tètè wá ọkọ, torí ó ti ń dàgbà lójú. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ọmọbìnrin Gíríìkì wá ṣe láyé: kó fẹ́ ọmọ Gíríìkì, kó bí ọmọ Gíríìkì, kó sì máa fún gbogbo èèyàn lóúnjẹ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Toula lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ó bọ́ sí iléeṣẹ́ àǹtí rẹ̀ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò, ibẹ̀ sì ni òun àti Ian Miller, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti di ọ̀rẹ́. Ian kì í ṣe Gíríìkì. Òun nìkan ni òbí rẹ̀ bí, wọn kì í sì í gbé ohùn sókè nídìí oúnjẹ. Ní ti Toula, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò àwọn òbí rẹ̀ nìkan jẹ́ 27! Wọ́n ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀, àṣírí tú, bàbá fárígá.

Bí ẹ bá yọ orúkọ Gíríìkì kúrò nínú ilé yẹn, ilé wa ni. Gus, bàbá Toula, kun àsíá ìlú rẹ̀ sára ilẹ̀kùn gáréèjì, ó sì ri òpó mọ́lẹ̀ síwájú ilé bíi ti tẹ́ńpìlì àtijọ́. Ìyá àgbà wà níbẹ̀ tó ṣì rò pé àwọn ará Tọ́kì ń lé òun bọ̀. Nígbà tí Toula wà ní kékeré, oúnjẹ tó ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tó bá ti gbé àmàlà dúdú lọ sí ibi tí àwọn yòókù ti ń jẹ tùwó funfun mọ ohun tí mo ń wí. Gus tún gbàgbọ́ pé Windex, omi tí wọ́n fi ń nu gíláàsì, ń wo gbogbo àìsàn. Ohun yòówù tó bá ń dun èèyàn, yóò ní kó fọ́n ọn sí i. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ rántí Robb tó wà nínú àpò ìyá yín, èyí tí wọ́n fi ń wo orí fífọ́, inú rírun, ikọ́ àti ẹsẹ̀ tó rọ́.

Ibí yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà fún ẹni tó kọ eré náà. Kò fi àwàdà kankan ṣòfò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, irorẹ́ yọ sí ìyàwó lójú. Ọkọ ìyàwó ní òun náà ní tòun, Windex lòun sì fi sí i. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn wí: àjèjì yẹn ti di ọmọ ilé. Ọ̀pọ̀ eré á ní kí ọkọ sọ̀rọ̀ gígùn nípa bó ṣe fẹ́ràn àwọn àna rẹ̀. Èyí fi Windex sọ ọ́.

Ọjọ́ tí àwọn àna méjèèjì kọ́kọ́ pàdé tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ fún àwọn òbí Ian pé oúnjẹ alẹ́ lásán ni. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, gbogbo ẹbí ti pé, wọ́n ń yan odindi ọ̀dọ́ àgùntàn níwájú ilé, wọ́n sì ń bu ọtí líle fún wọn. Ìyá Ian gbé kéèkì kan wá tó ní ihò láàrin. Ìyá Toula kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó rí ihò, ó sì fi ìkòkò òdòdó sínú rẹ̀ kó má bàa ṣí sílẹ̀. Kò sí ẹni ibi níbẹ̀. Ẹnì kan mú ohun tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ wá, ẹnì kejì tún un ṣe bó ṣe mọ̀. Ẹni tó bá ti gba ẹrù ìdána lọ́wọ́ àna tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo Maria, ìyàwó Gus, dáadáa. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òótọ́ ni pé ọkọ ni orí, ṣùgbọ́n aya ni ọrùn, ibi tó bá sì wu ọrùn ló ń yí orí sí. Nígbà tí Toula fẹ́ fi ilé oúnjẹ sílẹ̀ lọ síṣẹ́ mìíràn, òun àti àǹtí Voula jókòó ti Gus, wọ́n yí ọ̀rọ̀ po títí bàbá fi dá a lábàá fúnra rẹ̀, tó rò pé ọgbọ́n òun ni. Èmi ọkùnrin tí mò ń wò ó, mo dákẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé ibi tí ọmọ mi ní kí n wò dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni Gus ti ń yangàn pé kò sí ọ̀rọ̀ kan láyé tí kì í ṣe láti inú èdè Gíríìkì ló ti wá. Ó tilẹ̀ wá orísun kimono, aṣọ àwọn ará Japan, dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀. Ìwà yìí ń tini lójú, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ó dìde láti sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ronú lórí orúkọ méjèèjì. Miller, ní tirẹ̀, wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí èso ápù, Portokalos sì jẹ́ ọsàn. Ápù kì í ṣe ọsàn, ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn, èso ni gbogbo wa. Ẹni tó mọ èdè mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀; ẹni tó ń lọ ọkà ni Miller. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí bàbá yìí ṣe. Ohun tó fi ń gbé ara rẹ̀ ga ju gbogbo ayé lọ náà ló fi fa àna rẹ̀ mọ́ra. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un, kò sẹ́ni tó já fìlà lórí rẹ̀. Ó gba ọkọ ọmọ rẹ̀, ó sì ṣì ń jẹ́ bàbá.

Ìdí nìyí tí àníyàn mi nípa àwọn àgbàlagbà inú eré náà fi rọlẹ̀. A rẹ́rìn-ín Gus láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ sí. Túndé Kèlání náà ti gbé ìgbéyàwó ẹ̀yà méjì yẹ̀wò nínú Thunderbolt ní ọdún 2001, níbi tí Yinka ọmọ Yorùbá ti fẹ́ Ngozi ọmọ Ìgbò. Níbẹ̀, ìfura wọlé, mágùn tẹ̀ lé e. Eré tó lágbára ni, ẹ̀rù rẹ̀ sì tọ́. Àwàdà ni ti àwọn Gíríìkì yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni méjèèjì ń bi wá: kí ni a ó ṣe bí ọmọ wa bá mú ẹni tí a kò retí wá sílé?

Nia Vardalos tó ṣe Toula ló kọ eré náà, ìgbéyàwó ara rẹ̀ ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀. Orí ìtàgé ló ti kọ́kọ́ ń dá a ṣe. Rita Wilson, ìyàwó Tom Hanks, tí òun náà ní ẹ̀jẹ̀ Gíríìkì lára, wò ó, tọkọtaya náà sì wà lára àwọn tó gbé e di fíìmù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 dọ́là ni wọ́n ná lé e. Ohun tó pa káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 360, bẹ́ẹ̀ kò gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà ní òpin ọ̀sẹ̀ kankan. Ìdílé ń sọ fún ìdílé ni.

Kò ṣàìní àbùkù. Èkíní, Ian nìkan ló ń san gbogbo gbèsè. Òun ló gba ìrìbọmi nínú ìjọ wọn, òun ló ń kọ́ èdè wọn, tí arákùnrin ìyàwó sì ń kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Àwọn òbí rẹ̀ gbẹ bí igi, bí ẹni pé wọn kò ní ìtàn kankan. Ní Plateau tí a wà yìí, Berom, Háúsá, Ìgbò tàbí Tiv tí ọmọ wa bá fẹ́ ní ìyá àgbà tirẹ̀ pẹ̀lú, ó sì yẹ kí àwa náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí i. Èkejì, n kò fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa rò pé àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ awò ojú àti irun ni ẹnì kan tó lè rí wọn. Ibì kan sì wà tí òbí máa fẹ́ rán ọmọdé lọ bu omi wá.

Wọ́n ṣe apá kejì ní 2016 àti apá kẹta ní 2023. Kò sí èyí tó dé ibi tí àkọ́kọ́ dé. Michael Constantine tó ṣe Gus ti kú ní 2021, nítorí náà nínú apá kẹta, àwọn ọmọ ló gbé ìwé ìrántí bàbá wọn lọ sí abúlé tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ fún ọmọ láti ogún ọdún pé a ó relé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó mọ ìdí tí ibẹ̀ fi dùn mí.

Ṣùgbọ́n ìparí apá kìn-ín-ní ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, Toula ń mú ọmọbìnrin tirẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ èdè Gíríìkì. Ọmọ náà kò fẹ́ lọ. Toula ṣèlérí fún un pé ẹni tó bá wù ú ni yóò fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ èdè ni kò ṣeé yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń ṣe é ní òdìkejì. A ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ dàgbà, ó ń fi Háúsá ra kòsé ní òpópónà, a kò kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀, a kò mú un délé rí. Ọjọ́ tó bá wá mú àfẹ́sọ́nà wálé ni a óò rántí pé ọmọ Yorùbá ni, tí a óò fárígá. Kí ni ọmọ náà fẹ́ fi mọ ohun tí a ń jà fún?

Ẹ wá fíìmù yìí, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ jókòó tì yín. Bí ó bá parí, kí wọ́n sọ èrò wọn, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, ní Yorùbá. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú, àwọn ọmọ wa yóò ṣe é jù wá lọ, àna rere ni yóò kan ilẹ̀kùn kálukú wa.