Ọgbọ́n Yíyan Pọ́lọ́ọ̀gì fún Ọkọ̀ Àtijọ́

Ọgbọ́n tó yẹ ní ìyìn ni kí mẹkáníìkì mọ pọ́lọ́ọ̀gì, ìyẹn irin kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, tó bá ọkọ̀ àtijọ́ bíi Volkswagen Ìjàpá mu. Gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a ń yí wọlé ni ó kọ́kọ́ ń wò, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 12.7 fún Ìjàpá, nítorí pé èyí tó bá gùn jù lè kan písítìnì, kí ó sì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wo nọ́ńbà ara rẹ̀, tó ń sọ bí ẹnu rẹ̀ yóò ṣe máa gbóná tó: lára pọ́lọ́ọ̀gì ilé-iṣẹ́ NGK, nọ́ńbà tó kéré ló ń gbóná jù, ṣùgbọ́n òdìkejì ni ti ilé-iṣẹ́ Bosch. Èyí tó wuni jù ni bí ó ṣe ń ka ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì tó tú: bí ó bá ní àwọ̀ èèpo ẹ̀pà, iṣẹ́ ń lọ déédéé, bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo lè ti pọ̀ jù, bí ó bá sì funfun bí ẹfun, ooru ti pàpọ̀jù. Irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ló ń dá ẹ̀mí ọkọ̀ àtijọ́ sí.