Orí Ọba Adó àti Ọkọ́ Awalẹ̀pìtàn

Ìtàn sọ pé nígbà kan rí, bí Ọba Ìbíní bá wàjà, a máa ń gbé orí rẹ̀ wá sin sí Ilé-Ifẹ̀, ní ibi tí à ń pè ní Ọ̀run Ọba Adó. Frank Willett, tó ṣiṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ní Ifẹ̀ láti 1958 sí 1963, walẹ̀ níbẹ̀. Ó bá kòtò. Kò bá orí ọba kankan. Àyẹ̀wò èédú inú kòtò náà tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 560 sí 990, èyí tó ṣáájú ìgbà tí ọ̀pọ̀ òpìtàn fún ìran Ọ̀rànmíyàn ní Ìbíní.

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, àní ní Àpáta n'Ìbàdàn níbi tí mò ń gbé, pé ọkọ́ ti sọ ìtàn di irọ́. N kò jiyàn ọdún èédú. Àìrí orí ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí. Nílẹ̀ wa, bí ènìyàn bá kú sí ẹ̀yìn odi, irun àti èékánná rẹ̀ ni a ń mú wá sílé; ẹni tó bá sin wọ́n ti sin olúwarẹ̀. Irun kì í sì í pẹ́ jẹrà nínú ilẹ̀ olójò. Ta ló wá sọ fún ọkọ́ pé egungun nìkan ní ń jẹ́ orí?

Ìjà náà kò tíì parí. Ní 2004, Ọba Ẹrẹdiauwa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọmọ ọba Ìbíní ni Odùduwà. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí, kó má fi kòtò òfìfo ṣe ẹlẹ́rìí: kò gbe Ifẹ̀, kò gbe Ìbíní.