Bánjò Olówógbowó

Àwo kan wà tí n kì í jẹ́ kó jìnnà sí mi: Juju Roots, tó kó orin jùjú Èkó láti àwọn ọdún 1930 títí wọ àwọn ọdún 1950 jọ. Rounder, ilé iṣẹ́ agbórinjáde kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1985. Àwọn olólùfẹ́ bluegrass, orin ìgbèríko Amẹ́ríkà tí bánjò ń gbé dúró, mọ Rounder dáadáa, torí ibẹ̀ ni àwo J. D. Crowe and the New South ti jáde ní 1975. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti mọ bánjò, kò ní pẹ́ tí Tunde King, olórin jùjú inú àwo náà, yóò fi wọ̀ ọ́ lára.

Olówógbowó ni wọ́n bí King sí ní 1910, láàárín àwọn Sàró, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò-ẹrú tí wọ́n sì gba Freetown padà wálé. Ẹni tó bá gba Afárá Èkó sọ̀kalẹ̀ sí Apọ́ngbọ̀n lónìí ti dé àdúgbò náà. Bánjò olókùn mẹ́fà ló ń ta. Ẹnì kan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń lu jùjú, ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n so ṣaworo mọ́ etí rẹ̀. Ní 1936, Parlophone gba orin wọn sílẹ̀; ó ku ọdún mẹ́sàn-án kí Earl Scruggs, ata-bánjò bluegrass, tó gbé bánjò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bill Monroe, baba bluegrass.

Ẹ jẹ́ ká tẹ́tí sí i dáadáa. Bánjò ló máa ń ṣíde, á dá gbólóhùn kúkurú kan, á tún un dá, ìró rẹ̀ á gbẹ, á sì mú. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wọlé wọ́ọ́rọ́, jùjú á tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni King á gbé ohùn sókè, ohùn tín-ín-rín tí kò le koko, àfi bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀. Ó ń lé, elégbè ń gbè. Ojú àwo ìgbà náà kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ olórin tó mọ àtilu ilẹ̀ mọ́ lóde àríyá ni King. Gbogbo oríkì, òwe àti ìkíni wá di èyí tí wọ́n ń ṣà lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo fẹ́ràn Sunny Adé tó máa ń fi orin kan gba odindi ojú àwo ńlá, ṣùgbọ́n fún mi, ìṣẹ́jú mẹ́ta King yìí ló dùn jù.

Bánjò fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló kọ́kọ́ fi igbá àti awọ ṣe é lókè òkun, bí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò olókùn nílé. Pé ọmọ Sàró ló wá ń ta á l'Ékòó, inú mi máa ń dùn sí i púpọ̀.

King nìkan kọ́ ló wà nínú Juju Roots: olórin Irewọlédé Denge wà níbẹ̀, Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, náà wà ńbẹ̀. Bánjò kékeré ni Bákàrè fi bẹ̀rẹ̀, kó tó gbé gìtá oníná ní 1949. Ní àsìkò kan náà ni gángan wọ inú jùjú, ẹgbẹ́ olórin ń pọ̀ sí i, a kò sì gbúròó bánjò mọ́. Àwọn oníbluegrass ò jẹ́ fi tiwọn sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé àwa fi tiwa sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin ńláńlá ni gángan àti gìtá oníná bí fún wa.

King ti wọ ọkọ̀ òkun lọ ní 1939. Nígbà tó fi máa padà sí Èkó ní 1954, jùjú mìíràn ló bá. Ẹni tó bá rí Juju Roots, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti King, lórí ẹ̀rọ tí kò pariwo, kó tó kan àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀.