Olùkọ́ Ìtàn Láàárín Àwọn Ọmọdé

Nínú gbogbo iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí mo yìn tó kíkọ́ ọmọdé ní ìtàn, nítorí pé ọmọ tí kò tíì mọ àná yàtọ̀ sí ìjẹta dáadáa ni a ní kí ó fi ojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí baba baba rẹ̀.

Ẹ wo olùkọ́ tó mọṣẹ́, nígbà tó bá dé orí Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àjọ àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tán pátápátá títí di 1893. Ìta gbangba ni yóò kó àwọn ọmọ lọ, yóò fi iyanrìn mọ òkè Ìmẹ̀sí-Ilé síhìn-ín, yóò mọ ti Igbájọ sọ́hùn-ún, yóò to ọmọ ayò fún Èkìtìparapọ̀ àti fún Ìbàdàn, yóò wá bi wọ́n pé: “Ta ni ń wá oúnjẹ fún àwọn wọ̀nyí?” Ìbéèrè yìí wù mí púpọ̀, torí Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtìparapọ̀, àti Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn nìkan kọ́ ló jagun, àwọn tó ń roko, tó ń ru ẹrù, pọ̀ jù wọ́n lọ.

Bí ọmọ kan bá ní Ìjẹ̀ṣà onílé obì ni baba òun, ìyá òun sì ti Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé wá, olùkọ́ yóò rán an sí àwọn àgbà ìhà méjèèjì, nítorí àrọ́bá ni baba ìtàn. Ohun tó bá gbọ́ bọ̀ ni wọn yóò jùmọ̀ yẹ̀ wò, èyí tó bára mu àti èyí tó takora; ìgbà náà ni 1886, ọdún tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ojú pátákó.