Ẹlẹ́rìí Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ẹlẹ́rìí kan wà tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn ṣẹ̀, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè ju ti ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ìlú Atlanta mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ Wayne Williams ní Fulton County lọ́dún 1982, kò sẹ́ni tó wá sọ pé òun rí i níbi tó ti ń pààyàn. Fọ́nrán kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé àti irun ajá ni àwọn onímọ̀ kó wá, wọ́n fi wé èyí tí wọ́n rí lára òkú, júrì sì dá a lẹ́bi ikú ọkùnrin méjì.

Ta ló yẹ kó yẹ irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kó tó lanu? Lọ́dún 1982 yẹn náà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Georgia sọ tiẹ̀ nínú ẹjọ́ Harper, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí oògùn tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn sọ òótọ́. Wọ́n ní kí adájọ́ má kàn ka orí àwọn onímọ̀ tó fara mọ́ ọ. Kó fúnra rẹ̀ wò ó bóyá ọgbọ́n náà ti dé ibi tí a ti lè fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, lójú tèmi. Àmọ́ títí di ọdún 2022, ìwé òfin ṣì ń sọ ní tiẹ̀ pé nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, a ó máa gba èrò onímọ̀ wọlé nígbà gbogbo. Nígbà gbogbo kẹ̀!

Asẹ́ tí ojú rẹ̀ há jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ọ̀dọ̀ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní Washington wá lọ́dún 1993, nínú ẹjọ́ Daubert, lórí oògùn tí aláboyún ń lò sí èébì. Georgia ló sì bí ẹjọ́ ńlá tó tẹ̀lé e. Oníṣẹ́ iná kan ní Thomasville ti ń ki ọwọ́ bọ inú epo tiransifọ́má fún ọ̀pọ̀ ọdún, òróró náà a máa ta sí i lójú àti lẹ́nu. Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ mú un ní ẹ̀dọ̀fóró. Ọkùnrin náà ti mu sìgá rí. Àwọn onímọ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ọmọ eku tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ kẹ́míkà inú epo náà lọ́pọ̀ yanturu. Adájọ́ kọ ẹ̀rí wọn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Atlanta ní kó gbà á. Lọ́dún 1997, Washington ní ọ̀nà jìn ju bó ṣe yẹ lọ láàárín eku wọ̀nyẹn àti jẹjẹrẹ ọkùnrin yìí.

Lọ́dún 2005, lábẹ́ Gómìnà Sonny Perdue, àwọn aṣòfin Georgia gbé asẹ́ náà wọlé. Ṣé ohun tí onímọ̀ gbé ọ̀rọ̀ lé tó? Ṣé ọ̀nà tó gbà ṣeé gbára lé? Ṣé ó lo ọ̀nà náà bó ṣe yẹ sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀? Ó dára, ṣùgbọ́n ẹjọ́ aráàlú sí aráàlú nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń bá dókítà fa ọ̀rọ̀ owó rí asẹ́. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n gbére ń dúró dè kò rí i. Ọdún 17 ni wọ́n fi bẹ́ẹ̀ lọ, kí Gómìnà Brian Kemp tó buwọ́ lu òfin tó mú ẹjọ́ ọ̀daràn náà wọ abẹ́ asẹ́ kan náà, láti July 1, 2022.

Ohun tó wù mí nínú òfin yìí ni ìjókòó tí júrì kì í sí níbẹ̀. Ẹni tó ń fi ọta wé ìbọn á dúró, agbẹjọ́rò á bi í pé: ẹ ti dán an wò? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń ṣì í? Ta ló yẹ iṣẹ́ yín wò? Akọ̀wé kóòtù ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí aṣọ funfun ilé àyẹ̀wò lè dẹ́rù bà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà gba ọgbọ́n, ọgbọ́n sì gba owó. Onímọ̀ tí yóò tako onímọ̀ ìjọba kò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Agbẹjọ́rò aláìní gbọ́dọ̀ lọ bẹ adájọ́ fún owó náà. Ẹjọ́ Brooks ti ọdún 1989 ló jẹ́ kó lè ṣe é ní bòókẹ́lẹ́, kí agbẹjọ́rò ìjọba má baà gbọ́ ohun tó ń wá.